Ẹ Ka Ìrìn Yín Kí Ẹ Tó Ra Páàsì: Bọ́ọ̀sì London fún Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé

Oṣù kẹsàn-án ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dé láti Ìbàdàn, ó wá ṣe máàsítà. Kò tíì lo ọjọ́ mẹ́rin nílé mi ní Plumstead tó fi wọ ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà ní ìkángun àdúgbò wa, ó ní kí wọ́n bá òun gbé páàsì bọ́ọ̀sì oṣù kan sórí káàdì Oyster, ìyẹn káàdì tí wọ́n fi ń san owó ọkọ̀ ní London. £94.90 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó délé tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó ní, "Àǹtí mi, mo ti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà owó ọkọ̀ o. Ó di oṣù tó ń bọ̀."

Mo ní kó jókòó. Mo bi í pé ọjọ́ mélòó ló ń lọ síléèwé lọ́sẹ̀. Ó ní ọjọ́ méjì, Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ. Ibo ló tún ń lọ? Ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Kò tíì ríṣẹ́ nígbà náà. Àlọ àti àbọ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ìrìn mẹ́fà nìyẹn. £1.75 ni ìrìn kan, mẹ́fà jẹ́ £10.50. Ká ní ó ń san án bó ṣe ń wọkọ̀ ni, owó oṣù kan odindi kò ní ju bíi £46 lọ. Ó ti fi ìlọ́po méjì ra ohun tí kò nílò.

Ó ní, "Ṣebí wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rí ẹ̀dínwó gbà?" Wọ́n ń rí i gbà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀dínwó yẹn kò sí nínú èyí tó rà, torí kò tíì ní káàdì akẹ́kọ̀ọ́. Ká tiẹ̀ ní ó ní in, páàsì yẹn ì bá ṣì gbówó lórí ju ìrìn rẹ̀ lọ.

Èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́ ọkọ̀ o. Kílíínà ni mí, ọ́fíìsì ni mò ń tún ṣe ní ẹ̀gbẹ́ Whitehall, láti 2006 ni mo sì ti ń fi bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́. Owó tí mo ti fi ṣòfò lórí bọ́ọ̀sì kí n tó gbọ́n, mo lè fi ra ilẹ̀ ní Mọ́níyà. Ohun tí mo sọ fún ọmọ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo kọ síbí, torí lọ́dọọdún tí iléèwé bá ti fẹ́ wọlé, ọmọ mẹ́ta mẹ́rin máa ń wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa tí owó ọkọ̀ á ti jẹ wọ́n dé egungun kí wọ́n tó mọ̀nà. Iye ọdún 2025 ni gbogbo iye tí mo lò. Ẹ wò ó lórí ojú òpó TfL kí ẹ tó náwó, ìyẹn Transport for London tó ń bójú tó ọkọ̀ ìlú, torí wọ́n máa ń yí owó padà.

Ẹ gbàgbé Micra ná

Ní Ìbàdàn, owó ẹni tó ń dé ìparí ọ̀nà kì í ṣe owó ẹni tó bọ́ sílẹ̀ láàárín. Ní London, ẹ bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn bọ́sítọ́ọ̀pù kan, ẹ jókòó títí dírẹ́bà fi pa iná ọkọ̀, £1.75 náà ni. Dírẹ́bà kì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Láti oṣù keje 2014 ni bọ́ọ̀sì London kò ti gba owó bébà tàbí owó wẹ́wẹ́ mọ́, nítorí náà kò sí pé ẹ ń wá ṣéńjì, kò sì sí kọ̀ńdọ́ tí ẹ máa bẹ̀.

Tí ẹ bá ti wọlé, ẹ fi káàdì kan ojú ẹ̀rọ yẹ́lò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Iná aláwọ̀ ewé á tàn, ẹ ó gbọ́ ìró, ó parí. Tí iná pupa bá tàn, ẹ dúró, ẹ tún un ṣe, ẹ má yọ́ kọjá sẹ́yìn bí ẹni tí kò rí i. Nígbà tí ẹ bá ń bọ́ sílẹ̀, ẹ má fi kàn án mọ́. Ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ń fi káàdì kàn nígbà àbáwọlé àti nígbà àbájáde.

Káàdì báńkì, fóònù tí ẹ gbé káàdì báńkì sínú rẹ̀, Oyster, iye kan náà ni wọ́n ń yọ. Ẹ má kàn lo káàdì báńkì ilé fún bọ́ọ̀sì lójoojúmọ́. Báńkì yín lè máa gé owó pàṣípààrọ̀ lé e lórí láìjẹ́ kí ẹ mọ̀.

Ibi tí àǹfààní wà nìyí. Tí ẹ bá ti fi káàdì kan ẹ̀rọ lórí bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́, gbogbo bọ́ọ̀sì mìíràn tí ẹ bá wọ̀ láàárín wákàtí kan sí ìgbà náà, ọ̀fẹ́ ni. Hopper ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2016, ẹ̀ẹ̀kan péré lèèyàn lè pààrọ̀ bọ́ọ̀sì. Láti 2018 kò níye mọ́. Àsìkò tí ẹ fi káàdì kan ẹ̀rọ ni wọ́n ń kà o, kì í ṣe àsìkò tí ẹ bọ́ sílẹ̀. Tí ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì kejì ní ìṣẹ́jú mọ́kàndínlọ́gọ́ta, ọ̀fẹ́ ni, bó bá tiẹ̀ gbé yín rìn fún ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà.

Ṣùgbọ́n ohun kan náà lẹ gbọ́dọ̀ lò. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí páàsì yẹn parí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi káàdì báńkì wọ bọ́ọ̀sì kan ní Woolwich, ó wá rí i pé fóònù yá ju kó máa tú báàgì lọ, ló bá fi fóònù wọ ìkejì. Káàdì kan náà ló wà nínú fóònù, owó kan náà ló ti ń jáde, síbẹ̀ £3.50 ni wọ́n yọ. Lójú ẹ̀rọ, èèyàn méjì ni fóònù àti káàdì. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ dúró tì í.

Nǹkan méjì sí i, kíákíá. Lóòjọ́, tí wọ́n bá ti yọ £5.25 lọ́wọ́ yín lórí bọ́ọ̀sì, wọn kì í yọ mọ́. Ìrìn mẹ́ta nìyẹn, ìkẹrin dọ̀fẹ́. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àìkú, £24.70 ni òpin. Tí owó inú Oyster yín kò bá sì tó £1.75, ó ṣì máa gbé yín lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ lè délé. Lẹ́yìn ìyẹn, àfi kí ẹ kó owó sí i.

Ẹ̀dínwó akẹ́kọ̀ọ́: ibi tó wà àti ibi tí kò sí

18+ Student Oyster photocard lorúkọ káàdì náà. Ẹni tó bá ti pé ọdún 18, tó ń gbé ní London lásìkò ẹ̀kọ́, tó sì forúkọ sílẹ̀ ní iléèwé tó wà lórí àkọsílẹ̀ TfL ló lè gbà á. Ohun tó ń fúnni ni pé wọ́n á yọ ìdá 30 nínú 100 kúrò lórí owó páàsì: ti ọjọ́ méje, ti oṣù kan, tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ì báà jẹ́ páàsì bọ́ọ̀sì nìkan tàbí Travelcard tó kó ọkọ̀ ojú irin mọ́ ọn.

Owó páàsì ni mo wí. Tí ẹ bá gba káàdì akẹ́kọ̀ọ́, tí ẹ kó £20 sínú rẹ̀, tí ẹ wá ń fi san owó bọ́ọ̀sì lẹ́yọ lẹ́yọ, £1.75 gan-an ni wọ́n á máa yọ, bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ lọ́wọ́ èmi kílíínà àti lọ́wọ́ ọ̀gá tí mò ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń lo káàdì yìí fún ọdún kan gbáko bẹ́ẹ̀, tí wọ́n rò pé ẹ̀dínwó làwọn ń jẹ.

Nítorí náà, ìṣirò ló kù. Páàsì bọ́ọ̀sì ọjọ́ méje jẹ́ £24.70. Ti akẹ́kọ̀ọ́ lé díẹ̀ ní £17. Ìrìn mẹ́sàn-án tí ẹ san lẹ́yọ lẹ́yọ jẹ́ £15.75, mẹ́wàá jẹ́ £17.50. Ìyẹn ni pé tí ìrìn yín lọ́sẹ̀ kò bá ju mẹ́sàn-án lọ, ẹ má ra páàsì kankan. Tó bá ti di mẹ́wàá, ẹ rà á. Fún ti oṣù, bíi £66 ni akẹ́kọ̀ọ́ ń san, ìrìn mẹ́jìdínlógójì ló sì máa gbé e dé ibi tó ti pé yín.

Ìrìn tí wọ́n yọ owó rẹ̀ ni kí ẹ kà. Bọ́ọ̀sì mẹ́ta tí ẹ wọ̀ láàárín wákàtí kan, ìrìn kan ni. Èmi máa ń fà á sílẹ̀ lórí kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lára fíríìjì, ìlà kan fún £1.75 kan, bí àwọn ìyá wa ṣe ń fi ẹfun fa gbèsè sára ògiri. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, áàpù TfL á fi gbogbo ìrìn yín hàn yín. Ẹ wò ó lálẹ́ ọjọ́ Àìkú fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ tó pinnu. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ iléèwé kì í sọ òótọ́ o, torí gbogbo èèyàn ló ń rìn káàkiri ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà ṣe àpẹẹrẹ. Ní oṣù kọkànlá ó ríṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, lálẹ́. Wọ́n tún fi ọjọ́ kan kún ọjọ́ ìwé rẹ̀. Mẹ́fà fún ìwé, mẹ́fà fún iṣẹ́, méjì fún ṣọ́ọ̀ṣì: mẹ́rìnlá. Ní ẹyọ ẹyọ, £24.50. Pẹ̀lú páàsì akẹ́kọ̀ọ́, £17 àti díẹ̀. Ó ń jèrè bíi £7 lọ́sẹ̀, owó gàrí àti epo pupa rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n sinmi ní Kérésìmesì, ìrìn rẹ̀ wálẹ̀ sí márùn-ún, mo ní kó jẹ́ kí páàsì parí, kó má ra òmíràn títí iléèwé á fi wọlé.

Ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́, páàsì ọ̀sẹ̀ kò wúlò fún un rárá tó bá ń ka ọ̀sẹ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, torí £24.70 tó máa fi rà á náà ni òpin tí wọn kò ní kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ tó bá ń san lẹ́yọ. Tí kò bá rìn tó bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ ṣì wà lápò. 

Bí ẹ ṣe máa gba káàdì náà

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo rẹ̀. Ẹ máa nílò fọ́tò tí ojú yín hàn dáadáa, káàdì báńkì tí ẹ máa fi san owó ìforúkọsílẹ̀, ímeèlì tiyín fúnra yín, àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ tí iléèwé fún yín. TfL á bi iléèwé yín bóyá wọ́n mọ̀ yín. Tí iléèwé bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á fi káàdì ránṣẹ́ sílé. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí iléèwé tó parí ìforúkọsílẹ̀ yín, torí tí wọ́n bá béèrè yín tí orúkọ yín kò tíì wọ inú ìwé, ibẹ̀ ló máa há sí.

Orúkọ ni ìjàǹbá tó ń ṣe àwa Yorùbá jù. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń forúkọ sílẹ̀ níléèwé, ó kọ orúkọ bàbá rẹ̀ síwájú, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: orúkọ ìdílé, kọ́mà, orúkọ tirẹ̀. Nígbà tó dé orí ti TfL, ó kọ tirẹ̀ síwájú. Lójú ẹni tó ń wo ìwé, ẹni méjì ni wọ́n. Wọ́n dá a padà. Ó kọ̀wé sí ọ́fíìsì akẹ́kọ̀ọ́ níléèwé rẹ̀. Wọ́n ní kó dúró. Ó tún kọ. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́wọ́ àwọn, ó ti wà lọ́wọ́ ẹ̀ka mìíràn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹnì kan tó tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo, gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà ló sì fi ń san owó àgbà.

Ẹ ṣí lẹ́tà ìforúkọsílẹ̀ iléèwé síwájú yín, kí ẹ da orúkọ inú rẹ̀ kọ lẹ́tà sí lẹ́tà. Tí wọ́n bá kọ Oluwaseun pọ̀, ẹ má pín in sí méjì. Tí wọ́n bá ti yí orúkọ yín sódì, ẹ jẹ́ kí iléèwé tún un ṣe lákọ̀ọ́kọ́. Àmì ohùn àti àmì abẹ́ ọ̀rọ̀, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún wa níbí.

Àdírẹ́sì náà ń dá wàhálà sílẹ̀. Ilé dínwó díẹ̀ ní Dartford, ní Gravesend, ní Grays, àwọn èèyàn wa sì pọ̀ níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì pupa 96 ń gbéra láti Woolwich, ó ń gba Dartford kọjá lọ sí Bluewater, nítorí náà àwọn ọmọ rò pé London ni wọ́n wà. Kent ni Dartford. Essex ni Grays. Bọ́ọ̀sì pupa lè dé ẹnu ọ̀nà yín, síbẹ̀ tí àdírẹ́sì yín kò bá sí ní London, wọn kò ní fún yín ní káàdì akẹ́kọ̀ọ́ yìí. Tí ẹ bá ń yẹ ilé wò, ẹ fi ìyẹn kún owó ilé, kí ẹ tó sọ pé ó dínwó.

Ẹni tó bá ń wọ ọkọ̀ ojú irin dáadáa, kó wo ọ̀rọ̀ Railcard, káàdì ẹ̀dínwó ọkọ̀ ojú irin. Ti ọdún 16 sí 25 wà, ti 26 sí 30 náà wà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kàwé ní kíkún sì lè gba ti 16 sí 25 bó bá tiẹ̀ ti kọjá 25. Ẹ mú un lọ bá òṣìṣẹ́ ní téṣàn Tube, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ẹ ní kó so ó mọ́ Oyster akẹ́kọ̀ọ́ yín. Á yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò lórí owó ọkọ̀ ojú irin nígbà tí èrò kò pọ̀. Lórí bọ́ọ̀sì, kò yọ kọ́bọ̀.

Páàsì bọ́ọ̀sì pẹ̀lú kì í ṣí ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin. Elizabeth line tó ń yára láti Woolwich lọ sáàárín ìlú dùn ún wọ̀, àmọ́ tí ẹ bá fi káàdì tí páàsì bọ́ọ̀sì nìkan wà lórí rẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà, owó mìíràn ni wọ́n máa yọ nínú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá gé bọ́ọ̀sì yín

Bọ́ọ̀sì 53 ni mo fi mọ London. Láti Plumstead ló ti ń gbéra, ó ń gba Woolwich, Charlton, Blackheath, New Cross, Old Kent Road, títí ó fi ń dé Horse Guards ní Whitehall. Àwa tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ló kún inú rẹ̀ ní ìdájí. Òkè ni mo máa ń jókòó sí, àga kejì láti iwájú, lápá òsì. Ìyá ọmọ Ghana kan a máa jókòó síwájú mi, á ti fi ìborùn di etí, á sì ti sùn kí a tó kúrò ní Charlton. Láti ibi tí mo wà, mo máa ń gbọ́ Yorùbá, Twi, Spanish, àti ìró fóònù ẹni tó ń gbọ́ àdúrà òwúrọ̀ láìlo nǹkan etí.

Ní 2019, wọ́n gé e kúrú. Kí wọ́n tó gé e, wọ́n béèrè èrò ìlú, mo sì kọ tèmi, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ mi bá mi tún ṣe. Wọ́n gé e náà. Láti ìgbà yẹn, County Hall ní Lambeth North, níhìn-ín odò Thames, ni 53 ti ń dúró lójú mọmọ. Bọ́ọ̀sì òru, N53, ló ṣì ń dé Whitehall. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo fi ẹsẹ̀ rin afárá Westminster nínú òjò, mo ń bínú. Ìkejì, mo jókòó, mo ronú.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí níbẹ̀ wúlò fún ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá gé bọ́ọ̀sì rẹ̀. Ohun tí ọgbọ́n kọ́kọ́ sọ fúnni ni pé kéèyàn wọ 53 dé ìparí rẹ̀, kó wá wọ òmíràn tó máa gbé e sọdá odò. Ṣùgbọ́n láti Plumstead, tí ọ̀nà bá dí ní Old Kent Road, wákàtí kan á ti kọjá kí ẹ tó dé Lambeth North, Hopper á ti kú, £1.75 mìíràn á lọ. Bọ́ọ̀sì 453 ń kọ́? Deptford Bridge ló ti ń gbéra, ó ń bá 53 rin gbogbo Old Kent Road, ó wá ń sọdá Westminster lọ sí Whitehall àti Trafalgar Square. Nítorí náà, ẹ bọ́ sílẹ̀ nínú 53 ní Deptford Bridge, ẹ wọ 453 níbẹ̀. Wákàtí kan kò tíì pé, ọ̀fẹ́ ni, àga sì ń bẹ nílẹ̀ torí ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Iléèwé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà ní òdìkejì Thames, bẹ́ẹ̀ ló sì ń ṣe. Ẹ má dúró dé ibi tí wọ́n gé ọ̀nà sí kí ẹ tó pààrọ̀ bọ́ọ̀sì. Ẹ wá ibi tí ọ̀nà àwọn bọ́ọ̀sì méjèèjì ti kọ́kọ́ pàdé.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé àyípadà ń bọ̀? Bébà yẹ́lò ni, wọ́n máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ òpó bọ́sítọ́ọ̀pù. Èèyàn ń fara ti òpó yẹn tẹ fóònù, wọn kò kà á. Ẹ wo ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà orúkọ bọ́sítọ́ọ̀pù tí wọ́n ń yọ kúrò, lẹ́yìn náà bọ́ọ̀sì tí wọ́n ní kí ẹ máa wọ̀ dípò. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ kó tó di bébà yẹ́lò, kó wo abala Have Your Say ti TfL, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń béèrè èrò wa. Ẹ kọ tiyín, kó jẹ́ ìlà mẹ́ta péré, ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ àti aago mélòó. Wọn kò gbọ́ tèmi tán, àmọ́ bọ́ọ̀sì òru ṣì ń dé Whitehall.

Ẹ má wo nọ́ńbà nìkan. Ẹ wo orúkọ ibi tó ń lọ tí wọ́n kọ sí iwájú ọkọ̀. Nígbà mìíràn 53 á wá, àmọ́ kò ní lọ dé òpin, nítorí pé ó ti pẹ́ lójú ọ̀nà, wọ́n fẹ́ kó yí padà. Nígbà mìíràn ẹ ti wà nínú rẹ̀ kí ohùn obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ tó kéde pé ibi tí bọ́ọ̀sì ń lọ ti yí padà. Gbogbo èrò á pòṣé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú wọn, ẹ wọ èyí tó tẹ̀lé e, ẹ fi káàdì kan náà kàn án. Hopper wà fún un, tí wákàtí kò bá tíì pé.

Àyípadà kì í ṣe gígé nìkan. Bọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ SL sí níwájú nọ́ńbà, Superloop ni wọ́n ń pè é, kì í dúró ní gbogbo bọ́sítọ́ọ̀pù. Àwọn ọmọ tuntun máa ń yẹra fún un, wọ́n rò pé ó gbówó ju èyí tó kù lọ. Kò ju £1.75 lọ, páàsì bọ́ọ̀sì sì wọ̀ ọ́. SL3 ń lọ láti Thamesmead sí Bromley. SL4 ń lọ láti Grove Park sí Canary Wharf, inú ihò Silvertown tó gba abẹ́ Thames, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin 2025, ló ń gbà. Bọ́ọ̀sì 129 náà ń gba ibẹ̀. Kí ihò yẹn tó ṣí, 108 nìkan ni bọ́ọ̀sì tó ń gba abẹ́ odò kọjá ní apá ọ̀dọ̀ wa. Tí iléèwé tàbí iṣẹ́ yín bá wà ní òdìkejì, ẹ tún ọ̀nà yín wò láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ọ̀nà tí ẹ̀gbọ́n yín fi hàn yín lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn lè ti di ọ̀nà ìyà.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ilé, ẹ rin ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀kan ní aago tí ẹ máa máa rìn ín gan-an. Ẹni tó máa ṣiṣẹ́ òru, kó wò bóyá bọ́ọ̀sì tó ní lẹ́tà N níwájú ń dé ibẹ̀. Lórí máàpù, gbogbo ilé ló sún mọ́ téṣàn.

Fún ẹni tó bá kó ọmọ wá

Ọmọ tí kò tíì pé mọ́kànlá ń wọ bọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́, kò nílò káàdì. Láti 11 dé 15, ọ̀fẹ́ náà ni, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ní Zip Oyster, ìyẹn káàdì Oyster tó ní fọ́tò fún àwọn ọmọdé. Ti 16+ wà fún àwọn tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀fẹ́ ṣì ni lórí bọ́ọ̀sì tí wọ́n bá ń gbé ní London. Ẹ tètè forúkọ sílẹ̀ kí ọjọ́ ìbí mọ́kànlá tó dé. Èmi gbàgbé ti àbígbẹ̀yìn mi, oṣù kan ni mo fi ń sanwó fún un.

Ẹ má yá ẹnikẹ́ni ní káàdì tó ní fọ́tò. Mo mọ̀ pé aláàánú ni wá. Àwọn tó ń yẹ káàdì wò a máa wọlé láìròtẹ́lẹ̀, àwọn méjì lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn. £100 ni owó ìtanràn, £50 tí ẹ bá tètè san án láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún, wọ́n sì lè gba káàdì náà lọ. Tí ìwé yín bá parí, ẹ̀dínwó náà parí nìyẹn. Ẹ ná owó inú káàdì tán tàbí kí ẹ gbà á padà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti kó lọ sí New Cross báyìí, ó ti ní yàrá tirẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí mo bá ń ṣètò báàgì iṣẹ́ mi, WhatsApp á dún. Kì í kí mi tó ṣáájú, ọmọ ayé òde òní. Tọ̀sẹ̀ tó kọjá ni, "Àǹtí, mẹ́sàn-án ni." Mo dá a lóhùn pé kó má rà á.